Evaristo Fẹ́ Gorí Pèpéle Òǹkàwé

Kí oòrùn tó ga, òórùn tábà ti gba gbogbo gbọ̀ngàn náà kan, ó sì ti dà pọ̀ mọ́ òórùn kọfí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Àwọn tó ń ká tábà di sìgá ti jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ iléèwé. Olúkúlùkù ní pákó tirẹ̀ níwájú, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ lọ́wọ́ ọ̀tún, ewé tábà lọ́wọ́ òsì. Ìgbà náà ni Màmá Zoraida, òǹkàwé wọn, gun pèpéle. Ó nu awò ojú rẹ̀, ó súnmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn ní ìlú tábà tó ń jẹ́ Pinar del Río láti ayé àwọn bàbá wọn. Ọwọ́ ń ká tábà, etí ń gbọ́ ìwé. Láàárọ̀, ìwé ìròyìn ni. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ìtàn ló kù.

Evaristo jókòó lẹ́bàá fèrèsé, nídìí pákó tí bàbá rẹ̀ lò kó tó kú. Sìgá ńlá tó ṣe ṣóńṣó lórí, tó tún ṣe ṣóńṣó nídìí, ló máa ń ká. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ fọwọ́ kan irú rẹ̀ rárá, torí bó bá fi lè wọ́ díẹ̀ báyìí, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi Evaristo pé báwo ló ṣe ń ká a, kò ní í mọ̀. Ọwọ́ ló ń ká a. Evaristo fúnra rẹ̀ kò sí nílé.

Ibo ló wà? Ó wà lórí pèpéle. Bí ohùn Màmá Zoraida bá ti ń ṣàn bọ̀ bí odò tí kò kánjú, ojú Evaristo á rọ̀, gbọ̀ngàn á di ìkùukùu, pèpéle á rọra gbéra nílẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, òun ni yóò sì dúró sórí rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ohùn rẹ̀ á máa fẹ́ lórí àwọn ènìyàn bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ lórí oko tábà. Obìnrin á máa nu omijé. Ọkùnrin á máa di ẹ̀gbẹ́ mú nítorí ẹ̀rín. Ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ kọjá lóde gan-an á dúró, á na etí.

"Evaristo."

Kò gbọ́.

"Evaristo, o ti ń rẹ́rìn-ín sí ewé tábà láti àárọ̀. Ìròyìn òkú sì ni wọ́n ń kà."

Rigoberto ló sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí pákó wọn kángun síra. Evaristo ta jí. Ó wo iwájú rẹ̀: sìgá mẹ́ta tó jọ ara wọn bí ìbẹta dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Kò rántí ìgbà tó ká wọn.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Màmá Zoraida pa ìwé dé kí àkókò tó tó.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, "ojú mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lánàá, mo ṣí ìwé padà sẹ́yìn láìmọ̀. Ọ̀gágun tí mo sin lọ́sàn-án tún jókòó ti oúnjẹ alẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ nǹkan kan."

"Màmá, a rò pé ó jíǹde ni," Rigoberto dáhùn, gbogbo gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ó tó mi. Ẹ wá òǹkàwé mìíràn."

Gbogbo wọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ ipò náà yóò kàwé fún gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò dìbò. Ẹni tó bá wọlé yóò gòkè, ṣùgbọ́n pákó tó fi sílẹ̀ yóò di ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń wá àyè ìjókòó pọ̀ lóde. Bí òǹkàwé tuntun bá sì já gbọ̀ngàn kulẹ̀, wọ́n lè dìbò yọ ọ́. Kò ní í sí lókè, kò ní í sí nísàlẹ̀.

Evaristo kò ro ti ìsàlẹ̀. Ó ti nawọ́ sókè.

Àwọn ènìyàn lu pákó. Ta ni kò mọ Evaristo? Bí wọ́n bá ń ta dómínò lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ Àìkú, òun ló máa ń sín gbogbo àdúgbò jẹ, láti orí dókítà títí dé orí ajá dókítà. Bó bá ń ṣe ìyá ìyàwó rẹ̀, ìyá ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín títí tó fi máa bínú.

Ẹnì kan péré ló tún nawọ́: Anisia, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti yàrá tí wọ́n ti ń to sìgá sínú àpótí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní kí ó kàwé. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì rẹlẹ̀. Ó kàn ń lọ ni.

"Ohùn yìí lè mú àkùkọ sùn láàárọ̀ kùtù," Rigoberto rọra sọ.

"Má dá a lóhùn," ni Evaristo wí. Àánú ọmọ náà ń ṣe é. Ó tilẹ̀ pinnu pé bí òun bá wọlé, òun yóò máa kí i dáadáa.

Ó wá kan Evaristo.

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí. Aṣọ funfun tó wà nínú àlá rẹ̀, ó ti rí i yá lọ́wọ́ àna rẹ̀, ọwọ́ aṣọ náà sì kúrú díẹ̀. Ó gun pèpéle. Ó mí kanlẹ̀. Ìròyìn ojú ọjọ́ ló kọ́kọ́ kà, pé ìjì lè jà ní gúúsù. Ẹ gbọ́, Evaristo kò ka ìjì náà, ó jà á ni. Ó fẹ́, ó súfèé, ó ké bí òrùlé tó ń ṣí. Màmá kan ní ọ̀wọ́ ẹ̀yìn dìde kó lọ ká aṣọ tó sá sílé.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ṣí ìwé ìtàn. Opó ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan ni, tí wọ́n gba ilé rẹ̀, tí wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó ní ni ayékòótọ́ rẹ̀, adájọ́ sì rèé, adití ni. Evaristo di opó. Evaristo di adájọ́, ó fọwọ́ bo etí, ó ní, "Kí ni ẹyẹ náà wí?" Evaristo di ayékòótọ́, ó fò sórí àga. Bó bá dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, bí ibi tí opó náà dá jókòó sẹ́wọ̀n, ó máa ń ṣí ìwé náà kọjá kíákíá, ó máa ń wá ẹyẹ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín kò jẹ́ kí wọ́n mí. Rigoberto fi orí lé pákó. Gbogbo ojú ló wà lókè. Evaristo ń wò wọ́n, ó ń wò ó pé pèpéle ti gbéra nílẹ̀ lóòótọ́.

Ní gbọ̀ngàn yẹn, bí ìwé bá dùn, wọn kì í pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń lu pákó. Bí kò bá sì dùn, wọ́n á jẹ́ kí ọ̀bẹ já lulẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì já ọ̀bẹ sílẹ̀ fún, kó yáa sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí Evaristo pa ìwé dé, ọ̀bẹ lu pákó bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ó tẹríba. Ó tún tẹríba. Ariwo náà rọlẹ̀.

Láàárín ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni irin kan dún lórí sìmẹ́ǹtì. Gbàrà.

Gbogbo orí yí. Migdalia ni. Ìyàwó Evaristo.

Ó jókòó nídìí pákó rẹ̀ ní ọ̀wọ́ kẹta, ó ká apá sáyà, ọ̀bẹ rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Yéè," ni Rigoberto wí jẹ́jẹ́, "oúnjẹ alẹ́ ti di ìṣòro."

Ní tòótọ́, Evaristo kò fọwọ́ kan ìrẹsì rẹ̀ lálẹ́ yẹn. Migdalia jẹ tirẹ̀ tán, ó bu ẹ̀wà dúdú sí i.

"Ṣé ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ ni?" Evaristo bi í.

"Rárá."

"Àbí ó rẹ ọwọ́ rẹ?"

"Kí ni yóò rẹ ọwọ́ mi? Mi ò ṣiṣẹ́ lónìí. Ta ló ṣiṣẹ́?"

"Ṣùgbọ́n ẹ gbádùn ara yín."

"A gbádùn ara wa. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ìdí tí mo fi já a sílẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ̀mí mi, àwọn ìyàwó mìíràn a máa gbárùkù ti ọkọ wọn."

"Èmi náà ń gbárùkù tì ọ́. Bí ọkọ mi bá ń gẹṣin wọ ibú lọ, ṣé kí n máa lu pákó fún ẹṣin ni?"

"O ń jowú."

"Ta ni mo ń jowú? Ayékòótọ́?" Ó kó àwo rẹ̀. "Evaristo, tèmi ni pákó tó wà ní ọ̀wọ́ kẹta. Tìrẹ ni èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Àwọn méjèèjì ló ń bọ́ àwọn ọmọ wa. Lọ wo àwo tí a kó sìgá sí kí o tó bá mi jà."

Kò lọ wò ó. Ó wọ yàrá, ó dùbúlẹ̀, pèpéle sì tún gbé e.

Àwo ló wá bá a. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tiburcio wọlé, ọkùnrin gbígbẹ kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yẹ sìgá wò. Àwo kún apá rẹ̀ méjèèjì.

"Ta ló ká èyí?" Ó gbé ọ̀kan sókè. "Ó le bí ìka ẹsẹ̀ òkú. Èyí ńkọ́? Ó ṣófo. Mo fà á, orin ló kọ. Ti ta ni eléyìí tó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

"Tèmi ni," Rigoberto dáhùn, ojú kò tì í.

"Ẹ tú gbogbo rẹ̀. Ẹ tún un ká. A kì í sanwó sìgá tó bàjẹ́."

Ìdààmú bá Evaristo. Ó dúró kí wọ́n bú u. Ẹ̀yin náà ń dúró, mo mọ̀. Wọn kò bú u o. Rigoberto gbá a lẹ́yìn.

"Má mikàn. Ìwọ la máa dìbò fún, gbogbo wa pátá."

"Iṣẹ́ yín bàjẹ́."

"Ó bàjẹ́ dáadáa. Láti ọjọ́ tí mo ti jókòó síbí, mi ò sinmi tó bẹ́ẹ̀ rí."

Ó yẹ kí inú Evaristo dùn. Ó ti wọlé tán, ìbò ló kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, tí gbọ̀ngàn ń tú, ó rí àgbà kan, Bàbá Crescencio, tó ṣì jókòó. Àgbà náà ń tú sìgá tó ká lọ́jọ́ tí Evaristo kàwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ewé kan ya. Ó mú òmíràn.

"Bàbá, ẹ máa lọ sílé."

"Ó kù díẹ̀." Àgbà náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ṣe dáadáa lánàá, ọmọ mi. Adájọ́ yẹn, háà. Ọwọ́ mi ni kò lè ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì mọ́."

Evaristo jókòó tì í, ó bá a tú u, ó bá a ká a. Nígbà tí wọ́n parí, kò gba ọ̀nà ilé. Ó gba ọ̀nà ilé Màmá Zoraida.

Màmá wà níwájú ilé lórí àga tó ń mì síwá sẹ́yìn, ó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti sọ òpópónà di aláwọ̀ oyin. Evaristo kí i, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ṣé mo kà á dáadáa àbí mi ò kà á dáadáa?"

"O ṣe é dáadáa. Kíkà lo bi mí ni?" Ó ju òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Jẹ́ kí èmi náà bi ọ́. Bí mo bá ń kàwé, kí lo máa ń gbọ́?"

Ojú ti Evaristo. "Kí n má purọ́, Màmá, nígbà mìíràn mi kì í gbọ́ nǹkan kan. Mo kàn máa ń lọ. Ó máa ń dà bíi pé mò ń léfòó."

Ó rò pé yóò bínú. Màmá rẹ́rìn-ín títí àga fi mì kíákíá.

"Iṣẹ́ náà nìyẹn, Evaristo. Kí ọkàn yín máa lọ, kí ọwọ́ yín dúró sílé. Òǹkàwé tí gbogbo ènìyàn bá ń wò, ta ló ń wo tábà?"

Màmá fa ìwé ìtàn opó náà yọ lábẹ́ àga.

"Gba ìwé yìí," ni Màmá wí. "Ka ibi ẹ̀wọ̀n opó náà fún mi. Mo mọ̀ pé o fò ó. Má yí ohùn padà. Kàn kà á, kí n máa ṣa ẹ̀wà mi."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ka díẹ̀, ó yọjú wo Màmá. Màmá ń ṣa ẹ̀wà. Ó tún kà. Màmá ń ṣa ẹ̀wà. Òógùn bo Evaristo. Ó dà bí ẹni pé ó ń sọ̀rọ̀ sínú kànga. Nígbà tó yá, nínú ẹ̀wọ̀n tí ẹyẹ kankan kò sí, ayékòótọ́ kan déédéé han gooro.

Ọwọ́ Màmá dúró nínú ẹ̀wà. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kò sí ẹyẹ níbẹ̀, Evaristo."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Kí ló dé tó fi ké?"

"Ẹ kò wò mí ni." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Bí ẹnikẹ́ni kò bá wò mí, ó máa ń dà bíi pé mi ò sí."

"Ó dáa. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n kí o tó fi pákó bàbá rẹ sílẹ̀." Màmá gbé igbá ẹ̀wà kúrò lẹ́sẹ̀. "Gbọ́ mi. Ohun tó wù ọ́ kọ́ ni èmi ń bi ọ́. Ó wu èmi náà kí n máa jó, wo orúnkún mi. Nǹkan tó wù ọ́ lókè yẹn, ṣé ìwé kíkà ni, lójoojúmọ́, tòun ti ìròyìn iye owó ìrẹsì, àbí kí wọ́n máa lu pákó fún ọ?"

Evaristo pa ìwé náà dé.

"Ẹ ní kí n jókòó síbẹ̀ kí n máa ká tábà títí n ó fi kú nìyẹn."

"Èmi sọ bẹ́ẹ̀? Ènìyàn a máa pa iṣẹ́ dà, ó sì dára. Kí n tó di òǹkàwé, aránṣọ ni mí, mo sì máa ń rán apá ọ̀tún mọ́ ti òsì. Ohun tí mo ń wí ni pé yẹ àpò rẹ wò kí o tó wọkọ̀. O ní ohun tí o kò kà sí. Ọwọ́ rẹ yẹn, àwọn mìíràn ń sunkún kí wọ́n tó lè ká sìgá olóríméjì yẹn. Nítorí pé kò nira fún ọ, o rò pé kì í ṣe nǹkan. O tún ní ohùn tó ń mú kí ọwọ́ ènìyàn dúró. Ní gbọ̀ngàn tiwa, àbùkù ni. Lọ bi ara rẹ léèrè ibi tí kì í ti í ṣe àbùkù."

"Ibo ni, Màmá?"

"Ṣé èmi ni mo fẹ́ pa iṣẹ́ dà?" Ó dìde, ó kó ẹ̀wà rẹ̀. "Lọ bi ẹni tó fẹ́ràn rẹ tó láti já ọ̀bẹ sílẹ̀ fún ọ."

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ ìbò, Anisia tún kàwé, nítorí ojú Màmá ń ro ó. Lọ́tẹ̀ yìí, Evaristo kò gòkè nínú àlá rẹ̀. Ó ń wo ọwọ́.

Ó ń wo bí ohùn ọmọbìnrin náà ṣe wọ inú gbọ̀ngàn láì kan ilẹ̀kùn. Kò yí ohùn padà fún opó, kò yí i padà fún adájọ́. Ó ń lọ bí èéfín tí kò sí atẹ́gùn tó ń dà á láàmú. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń gba ojú fèrèsé wọlé, eruku tábà ń léfòó nínú rẹ̀ bí wúrà lẹ́búlẹ́bú, ọwọ́ gbogbo gbọ̀ngàn sì ń dìde, ó ń bọ̀ sílẹ̀, ó ń yí, bí ewé tó wà lójú odò. Rigoberto lanu bí ọmọ tó fẹ́ sùn, sìgá rẹ̀ sì gún bí ọ̀pá. Anisia dé ibi ẹ̀wọ̀n. Opó náà dá jókòó, ó ń gbọ́ òkun láì rí i. Omijé yọ lójú Bàbá Crescencio. Ó ṣàn dé irùngbọ̀n rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

Evaristo fẹ́ wo ọwọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Òkun ti gbé òun náà lọ. Nígbà tó máa ta jí, oòrùn ti yí, àwo rẹ̀ sì kún, ọ̀kan kò wọ́ nínú wọn.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó dà bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n hàn án.

"Migdalia," ó wí nígbà tí wọ́n ń rìn lọ sílé, "ọ̀bẹ yẹn."

"Ọ̀bẹ wo?"

"Má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀, mi ò sì fẹ́ kí o bá mi ṣe àwàdà. Ibo ni ohùn tèmi ti wúlò?"

Migdalia rìn díẹ̀ kó tó dáhùn. "Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé iṣẹ́, wọ́n fi mí sọ́wọ́ olùkọ́ kan tó máa ń sùn. Ta ló kọ́ mi ní iṣẹ́? Ìwọ ni, nígbà oúnjẹ ọ̀sán. O ní ewé òde tí a fi ń wé sìgá dà bí aya tuntun, pé bí mo bá fà á, yóò padà sílé bàbá rẹ̀. O fi ojú ṣe é, o fi ìdí ṣe é. Mi ò lè gbàgbé é títí di òní."

"Mo rò pé ẹwà mi lo ń wò."

"Ìka rẹ ni mò ń wò, ọkọ mi. Ojú rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ rẹwà."

Ọjọ́ ìbò pé. Gbọ̀ngàn kún. Rigoberto ti to àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n ti ń pariwo orúkọ Evaristo kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Evaristo gun pèpéle. Ẹ̀rín ti ṣetán lẹ́nu wọn, wọ́n kàn ń retí ibi tí yóò gbà wọlé ni.

"Mo yọ orúkọ mi kúrò," ni Evaristo wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Kì í ṣe àwàdà. Anisia ni kí ẹ dìbò fún."

Ẹ̀rín náà kú. "Ṣé ara rẹ yá?" Rigoberto kígbe láti ìsàlẹ̀. "A ti yàn ọ́ tán o, arákùnrin."

"Ìsinmi lẹ yàn, Rigoberto. Bí mo bá jókòó síbí, láàárín oṣù kan, ẹ̀yin kan náà lẹ máa sọ̀ mí kalẹ̀. Ebi á ti máa pa yín, èmi náà ò sì ní í ní pákó mọ́. Mo lè mú yín rẹ́rìn-ín. Mi ò lè jẹ́ kí ẹ gbàgbé mi. Iṣẹ́ yìí, ó gba kí wọ́n gbàgbé ẹni."

Wọ́n wò ó. Bàbá Crescencio ló kọ́kọ́ na ọwọ́ tó ń gbọ̀n sókè fún Anisia. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Rigoberto ló nawọ́ kẹ́yìn, ó sì ń kùn.

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Evaristo sọ̀ kalẹ̀, ó lọ tààrà bá ọ̀gá ilé iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí àwọn tuntun ti ń sá lọ kí wọ́n tó mọ ewé òde yàtọ̀ sí ewé inú. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò fi pákó sílẹ̀. Ọ̀sán nìkan ló tọrọ, fún ìgbà díẹ̀, kí gbogbo wọn wò ó bóyá yóò bá a mu.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, ó sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n jókòó títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ó ṣe aya tuntun, ó ṣe ìyá ọkọ, ó ṣe ewé tí kò gbẹ dáadáa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n lu tábìlì. Migdalia yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó dùn. Sìgá mélòó ni wọ́n ti ká?"

Evaristo wo tábìlì. Ẹyọ kan kò sí níbẹ̀.

Ó kọ́gbọ́n. Láti ọjọ́ kejì, bó bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀, tí ojú gbogbo wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fi ewé òde yí sìgá kan lójú wọn, ní jẹ́jẹ́, ṣóńṣó lókè, ṣóńṣó nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò pa ẹnu dé, yóò jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ kó má baà gba ewé lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn nira fún un ju iṣẹ́ lọ. Ìdákẹ́jẹ́ a máa dún lórí rẹ̀ bí agogo. Ṣùgbọ́n ó ń fara dà á. Nígbà tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan gbé sìgá àkọ́kọ́ tó gún sókè, Evaristo ló kọ́kọ́ fẹ́ sunkún.

Ìwọ tó ń ka èyí, bóyá iwájú tábìlì rẹ nìwọ náà ti ń lálàá iṣẹ́ mìíràn. Má pa àlá náà. Ṣùgbọ́n kí o tó fi ìjókòó rẹ sílẹ̀, bi ara rẹ léèrè bóyá iṣẹ́ náà ló wù ọ́ tàbí iyì tó wà nídìí rẹ̀, nítorí ọjọ́ iyì kò pọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ ló pọ̀. Wá ohun tó rọrùn fún ọ débi tí o kò fi kà á sí, kí o sì kà á sí. Sọ ibi tí agbára rẹ mọ láì bo ojú. Èyí tí a lè fi ẹ̀kọ́ tún ṣe, lọ kọ́ ọ. Èyí tó jẹ́ ìwà rẹ, wá ibi tí yóò ti wúlò gbé e lọ. Tọ́ ọ wò lápá kan kí o tó fi odindi ara lé e. Má sì ṣe gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ àwọn tó ń gbádùn eré rẹ nìkan. Bi ẹni tí yóò bá ọ jẹ nínú rẹ̀ bó bá bàjẹ́, kí o sì jókòó gbọ́ ọ tán.

Iṣẹ́ tuntun kò fẹ́ kí o di ẹlòmíràn kó tó gbà ọ́. Ó kàn fẹ́ kí o mọ ẹni tó ń bọ̀ wá bá òun ni.